Ìbéèrè ìmọ̀ gbogboogbò fún alẹ́ líìgì kúìsì: èwo ló máa ń dá ìjà sílẹ̀, báwo la sì ṣe ń kọ ọ́ kó má baà ní ìdáhùn méjì?

Atọ́kùnTuntun:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà ọ̀jẹ̀. Ìbéèrè alẹ́ líìgì ni mò ń tò lọ́wọ́. Ẹgbẹ́ méjì, èèyàn mẹ́rin mẹ́rin. Abala mẹ́jọ, ìbéèrè mẹ́jọ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, 64 lápapọ̀. Olúkúlùkù ló máa dáhùn ìbéèrè tirẹ̀ láìfi ọ̀rọ̀ lọ ẹnì kejì, máàkì méjì. Tí kò bá gbà á, ó di ti ẹgbẹ́ kejì fún máàkì kan. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni ìbéèrè tí ẹnì kan máa dìde sí pé "ìdáhùn tèmi náà tọ̀nà". Mo kó mẹ́fà síbí, ẹ bá mi yẹ̀ wọ́n wò:

1. Aṣálẹ̀ wo ló tóbi jù láyé?
2. Òkè wo ló ga jù láyé?
3. Orílẹ̀-èdè Áfíríkà wo ló kọ́kọ́ gba òmìnira?
4. Kí ni olú-ìlú Gúúsù Áfíríkà?
5. Òṣùpá mélòó ló ń yí Jupiter po?
6. Ta ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba ẹ̀bùn Nobel nínú lítíréṣọ̀?

ÌyáMáàpù:
Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló ní ihò lára. Èmi á mú mẹ́rin àkọ́kọ́, kí àwọn yòókù gba ìyókù.

Aṣálẹ̀: bí òjò tàbí yìnyín ṣe ń rọ̀ tó la fi ń mọ aṣálẹ̀, kì í ṣe bí ilẹ̀ ṣe ń gbóná tó. Antarctica ló tóbi jù, bíi mílíọ̀nù 14 kìlómítà níbùú lóròó, nígbà tí Sahara wà ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 9. Ẹni tó bá dáhùn pé Sahara máa bínú, ẹni tó bá sọ pé Antarctica máa fẹ́ máàkì rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan péré ló tún un ṣe: "aṣálẹ̀ *gbígbóná* wo".

Òkè: Everest ni, 8,848.86 mítà, òǹkà tí Nepal àti Ṣáínà jọ kéde ní oṣù Kejìlá 2020. Àmọ́ tí ẹ bá wọn Mauna Kea ní Hawaii láti ìdí rẹ̀ nísàlẹ̀ òkun, ó lé ní 10,000 mítà. Tó bá sì jẹ́ àárín gbùngbùn ayé lẹ ti ń wọ̀n, ṣóńṣó Chimborazo ní Ecuador ló jìnnà jù, nítorí pé ayé wú díẹ̀ ní agbedeméjì rẹ̀. Ẹ fi "láti ojú omi òkun" kún un, ó parí. Àmọ́ tó bá jẹ́ èmi ni, mi ò ní bèèrè Everest ní líìgì rárá. Ọmọdé mọ̀ ọ́n. Màá dárúkọ Chimborazo, màá sọ ohun tó fi yàtọ̀, kí n wá bèèrè orílẹ̀-èdè tó wà.

Òmìnira ló burú jù nínú wọn. Gánà ló máa wà lórí ìwé yín, 6 oṣù Kẹta 1957, àbí? Sùdáànì ti gba tirẹ̀ ní 1 oṣù Kìíní 1956, Mòrókò àti Tùnísíà ní oṣù Kẹta ọdún yẹn kan náà. Líbíyà ti ṣíwájú wọn ní 1951, Ìjíbítì ní 1922. Làìbéríà sì ti kéde tirẹ̀ láti 1847. Kódà tí ẹ bá fi "ìsàlẹ̀ aṣálẹ̀ Sahara" dí i, Làìbéríà ṣì wà níbẹ̀. Irú ìbéèrè yìí, ẹ má lẹ̀ ẹ́, ẹ yí i padà: "Orílẹ̀-èdè wo ló ń jẹ́ Gold Coast kó tó gba òmìnira ní 1957?" Kò sẹ́ni tó máa jiyàn.

Gúúsù Áfíríkà ní mẹ́ta: Pretoria ni ìjọba aláṣẹ wà, Cape Town ni ilé aṣòfin, Bloemfontein sì ni ti ìdájọ́. Wọn kì í ṣe àwọn nìkan. Bolivia: Sucre ni òfin dárúkọ, La Paz ni ìjọba jókòó sí. Orílẹ̀-èdè Benin: Porto-Novo ni olú-ìlú, Cotonou ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ìjọba wà. Côte d'Ivoire: Yamoussoukro láti 1983, àmọ́ Abidjan ló máa ń kọ́kọ́ wá sẹ́nu èèyàn. Netherlands: Amsterdam ni olú-ìlú, The Hague ni ìjọba wà. Gbogbo èyí dára fún ìbéèrè, tí ẹ bá sọ ohun tí ẹ ń bèèrè ní kedere.

OjúỌ̀run:
Ẹ yọ nọ́ńbà 5 kúrò pátápátá. Iye òṣùpá Jupiter àti Saturn máa ń yí padà bí àwọn onímọ̀ ṣe ń rí tuntun. Ní oṣù Kẹta 2025 nìkan, wọ́n fọwọ́ sí 128 tuntun fún Saturn, ó di 274. Ìwé tí wọ́n tẹ̀ kó tó dìgbà yẹn ti di àtijọ́, ẹni tó sì ka ìwé náà máa bá yín fà á.

Ohun tí kò ní yí padà ni kí ẹ bèèrè. Mars ní òṣùpá méjì, Phobos àti Deimos, Asaph Hall ló rí wọn ní 1877. Mercury àti Venus kò ní ìkankan. Ganymede ni òṣùpá tó tóbi jù ní agbo oòrùn wa. Mẹ́rin ni Galileo rí lẹ́bàá Jupiter ní 1610: Io, Europa, Ganymede, Callisto. Ìbéèrè dáadáa mẹ́rin nìyẹn, tí kò sí ọdún tí wọ́n máa bà jẹ́.

Pluto náà ò gbọ́dọ̀ dá wàhálà sílẹ̀ mọ́, ó ti kúrò lára pílánẹ́ẹ̀tì láti 24 oṣù Kẹjọ 2006. Síbẹ̀, tí ẹ bá bèèrè iye pílánẹ́ẹ̀tì, ẹ kọ "ẹ má gba mẹ́sàn-án" sára ìwé ìdáhùn, nítorí ẹnì kan á gbìyànjú ẹ̀.

AmòfinKúìsì:
Nọ́ńbà 6: Wọlé Ṣóyínká, 1986, ni ẹ ní lọ́kàn. Ṣùgbọ́n Albert Camus tó gba a ní 1957, Algeria ni wọ́n bí i sí. Ọmọ Faransé ni, òótọ́ ni, àmọ́ "ọmọ Áfíríkà" tí ẹ kọ kò sọ bóyá ìbí ni tàbí ìwé ìrìnnà. Ẹ kọ ọ́ báyìí: "Òǹkọ̀wé ọmọ Nàìjíríà wo ló gba ẹ̀bùn Nobel nínú lítíréṣọ̀ ní 1986?" Tó bá ti rọrùn jù fún ipele yín, ẹ yọ "ọmọ Nàìjíríà" kúrò, ẹ fi ọdún sílẹ̀.

Nobel kún fún irú ìdẹkùn yìí. Albert Luthuli ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba ti àlàáfíà (ti ọdún 1960), àmọ́ Max Theiler, tí wọ́n bí ní Pretoria, ti gba ti ìṣègùn ní 1951. "Ta ló gba Nobel lẹ́ẹ̀mejì?" náà kò dára: Marie Curie, Linus Pauling, John Bardeen, Frederick Sanger àti Barry Sharpless ni, márùn-ún gbáko, ká má tíì ka Red Cross tó gba a lẹ́ẹ̀mẹta. Àmọ́ "ta ló gba a nínú ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀?" ti di Curie nìkan, físíìsì ní 1903, kẹ́mísìrì ní 1911. Kẹ́mísìrì àti àlàáfíà ni Pauling gba.

Ti Einstein náà: 1921, kì í ṣe nítorí *relativity*. Bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń lé ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù jáde lára mẹ́táàlì ni. Tí ẹ bá fẹ́ ìbéèrè tí gbogbo èèyàn rò pé àwọn mọ̀, ẹ gbé e wá.

Bọ́ọ̀lùLàwá:
Ẹ̀yin ará, ẹ ṣọ́ra fún "kan ṣoṣo" àti "jù lọ" nínú eré ìdárayá. Tipẹ́tipẹ́ ni wọ́n ti ń bèèrè "ẹni kan ṣoṣo tó gbá góòlù mẹ́ta nínú àṣekágbá Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé": Geoff Hurst, 1966. Mbappé gbá mẹ́ta ní 2022, ìbéèrè yẹn kú. Ká tiẹ̀ tó dé ibẹ̀, Carli Lloyd ti gbá mẹ́ta nínú àṣekágbá ti obìnrin ní 2015. Bákan náà, "ta ló gbá góòlù jù nínú Ife Àgbáyé?" Ẹ ní Klose, 16? Marta ti gbá 17 nínú ti obìnrin. Ẹ kọ "ti ọkùnrin", kí ẹ sì kọ "títí dé òpin ìdíje ọdún báyìí".

Ìràwọ̀ ara aṣọ Uruguay dára fún ìbéèrè: mẹ́rin ló wà níbẹ̀, Ife Àgbáyé méjì ni wọ́n gbà, 1930 àti 1950. Òlíḿpíìkì 1924 àti 1928 ni méjì tó kù. Èsì àṣekágbá náà, ẹ pinnu ohun tí ẹ ń pè ní èsì: ti 2022 jẹ́ 3–3, Ajẹntínà wá borí Faransé 4–2 ní pẹnáritì. Ẹni tó dáhùn 4–2 àti ẹni tó dáhùn 3–3, àwọn méjèèjì máa bá yín jà.

Atọ́kùnTuntun:
Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti ń tún un kọ. Fún nọ́ńbà 4, mo fẹ́ fi méjì ṣe ìbejì: ti ẹgbẹ́ kìíní, "nínú olú-ìlú Gúúsù Áfíríkà, èwo ni ilé aṣòfin wà?", ti ẹgbẹ́ kejì, "èwo ni ti ìdájọ́?" Ṣé ó dáa?

OnímáàkìKan:
Rárá o. Àbùkù ibẹ̀ ni pé ìdáhùn àkọ́kọ́ ti yọ ìlú kan kúrò fún ẹni tó tẹ̀ lé e. Nínú mẹ́ta ni ẹni àkọ́kọ́ ti ń yàn, nínú méjì ni ẹnì kejì. Ẹni tó gba ìbéèrè ìkẹyìn ti jèrè láìṣiṣẹ́. Tí ẹ bá fẹ́ ìbejì, ẹ mú Cape Town fún ọ̀kan, kí ẹ sì fi Netherlands ṣe èkejì: "The Hague ni ìjọba jókòó sí, kí ni olú-ìlú?"

Ibí yìí gan-an ni líìgì ti yàtọ̀ sí kúìsì tí gbogbo tábìlì ń kọ ìdáhùn sórí ìwé. Nínú ti ìwé, ìbéèrè kan náà ló ń kan gbogbo èèyàn. Tó bá le, ó le fún gbogbo wọn. Ní líìgì, ìbéèrè 1 jẹ́ ti ẹgbẹ́ kan, ìbéèrè 2 jẹ́ ti ẹgbẹ́ kejì. Tí ẹ bá bèèrè olú-ìlú Ọsirélíà lọ́wọ́ ọ̀kan, tí ẹ wá bèèrè ti Myanmar lọ́wọ́ èkejì, ẹ ti já máàkì méjì gbà lọ́wọ́ ẹnì kan. Nítorí náà, ẹ máa kọ wọ́n ní méjì-méjì, kókó kan náà, agbára kan náà: Canberra ti Ọsirélíà pẹ̀lú Ottawa ti Kánádà (ìlú tó gbajúmọ̀ jù kọ́ ni olú-ìlú, ní orílẹ̀-èdè méjèèjì), àmì kẹ́míkà sodium, tó jẹ́ Na, pẹ̀lú ti potassium, tó jẹ́ K, Gagarin (ẹni àkọ́kọ́ tó lọ sí òfuurufú, 12 oṣù Kẹrin 1961) pẹ̀lú Tereshkova (obìnrin àkọ́kọ́ tó lọ síbẹ̀, 16 oṣù Kẹfà 1963).

Tí ìbejì bá ti wà tán, ẹ da owó ẹyọ láti mọ èyí tó máa jẹ́ ti àkọ́kọ́. Ẹ má fi ọwọ́ yín yàn án, nítorí ọkàn èèyàn máa ń ti èyí tó rọrùn síwájú. Lẹ́yìn abala kẹrin, ẹ yí ìtò padà, kí ẹgbẹ́ tó ń gba ìkejì di àkọ́kọ́. Ẹ kọ ìbejì mẹ́ta sílẹ̀ bí ìpamọ́, nítorí atọ́kùn lè ṣèèṣì ka ìdáhùn jáde. Tí ó bá ba ọ̀kan jẹ́, ẹ pààrọ̀ ìbejì náà lódindi, kì í ṣe ìdajì.

ẸgbọnẸ̀kọ́:
Mo fara mọ́ gbogbo rẹ̀, àmọ́ ẹ má fi ààbò, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí ẹ fi ń dí ihò, pa ìbéèrè. Mo ti ń rí ìbéèrè tó gùn bí ìwé àdéhùn: "láti ojú omi òkun, láìka ti abẹ́ omi, gẹ́gẹ́ bí òǹkà 2020…" Adíje á ti gbàgbé ohun tí wọ́n ń bèèrè. Tí ìbéèrè bá ń fẹ́ ju ààbò kan lọ, ohun mìíràn ni kí ẹ bèèrè. Odò tó gùn jù láyé, bí àpẹẹrẹ: Nile ni ọ̀pọ̀ ìwé kọ, bíi 6,650 kìlómítà, àmọ́ àwọn kan ní Amazon ló gùn jù, ibi tí wọ́n gbà pé orísun rẹ̀ wà ló ń fa ìjà. Kò sí ààbò tó máa tán èyí. Ẹ kúkú bèèrè ìlú tí Blue Nile àti White Nile ti pàdé, Khartoum, kí ẹ sinmi.

Egungun206:
Orúkọ tí mo ń jẹ́ níbí fúnra rẹ̀ ń fẹ́ ààbò: 206 ni egungun *àgbàlagbà*. Ti ọmọ tuntun pọ̀ jù bẹ́ẹ̀, wọ́n á wá máa so pọ̀ bó ṣe ń dàgbà. Ẹ̀yà ara tó tóbi jù: awọ ara. Tó bá jẹ́ ti inú, ẹ̀dọ̀. Omi ń hó ní 100°C ní ojú omi òkun; lókè Everest, kò ju bíi 70 lọ. "Mẹ́táàlì wo ló jẹ́ olómi?" Mercury, bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ gallium ń yọ́ ní 29.76°C, yàrá tó gbóná díẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ "ní 25°C". Tí ẹ bá sì kọ "èròjà" dípò "mẹ́táàlì", bromine wọlé, ó di méjì.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù: lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì méjì wo ni kò sí rárá nínú tábìlì àwọn èròjà, yálà nínú orúkọ tàbí nínú àmì wọn? J àti Q. Kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ẹ̀wẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bèèrè iṣan tó lágbára jù. Gbogbo ẹni tó bá dáhùn ló ní ẹ̀rí.

Adájọ́Líìgì:
Ọ̀rọ̀ lórí ìwé tí atọ́kùn máa mú dání. Àlàyé mẹ́ta ló yẹ kó wà lábẹ́ ìbéèrè kọ̀ọ̀kan: ìdáhùn, ohun tí wọ́n lè gbà pẹ̀lú rẹ̀, àti ohun tí wọn kò gbọ́dọ̀ gbà pẹ̀lú ìdí. Báyìí:

"Orílẹ̀-èdè wo ni Gúúsù Áfíríkà yí ká pátápátá? Lesotho. Ẹ má gba Eswatini: ó pààlà pẹ̀lú Mozambique."

Láìsí gbólóhùn ìkẹyìn yẹn, atọ́kùn tó bá ń ṣiyèméjì á fún ẹni tó pariwo jù ní máàkì. (Ẹ má fi Ítálì ṣe ìbejì èyí, nítorí San Marino àti Vatican ni Ítálì yí ká, méjì nìyẹn.) Orúkọ tó yí padà náà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: Swaziland di Eswatini ní 2018, olú-ìlú Kazakhstan di Nur-Sultan ní 2019, ó sì padà sí Astana ní 2022. Èmi máa ń gba ti àtijọ́ àti ti tuntun, àfi tí ìbéèrè bá ní "lónìí".

Orúkọ ìdílé nìkan tó, àyàfi níbi tó ti lè jẹ́ ẹlòmíràn. "Roosevelt" kò tó, Theodore àti Franklin ló wà. "Curie" kò tó: Marie, Pierre àti ọmọ wọn Irène, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló gba Nobel. Atọ́kùn ní láti sọ pé "ẹ ṣàlàyé sí i" láìfi ohùn tọ́ka ibi tí ìdáhùn wà. Ìdáhùn àkọ́kọ́ tó bá jáde lẹ́nu ni wọ́n máa kọ.

Ẹ kọ bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ tó ṣòro sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: Ouagadougou, Reykjavík, Antananarivo. Atọ́kùn tó bá kólòlò lórí orúkọ ti sọ fún ẹgbẹ́ kejì pé orílẹ̀-èdè jíjìnnà ni. Kí wọ́n ka ìbéèrè lẹ́ẹ̀mejì, ìṣẹ́jú àáyá 30 fún ẹni tó ni ín, 10 fún ẹgbẹ́ tó gbà á. Tí ẹgbẹ́ kejì bá ní kí wọ́n tún un kà, wọn kò ní í fi àlàyé kankan kún un.

OjúỌ̀run:
Kí ẹ tó fi ìdáhùn sílẹ̀, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò ní ibi méjì tí kò da ara wọn kọ. Ojú-òpó mẹ́wàá tó gbé àṣìṣe kan náà, ẹ̀rí kan ni, kì í ṣe mẹ́wàá. Ẹ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ni ọ̀rọ̀: àjọ Nobel fún Nobel, FIFA fún Ife Àgbáyé, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fún iye ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀, 193. Nǹkan tó bá lè yí padà, ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. ECOWAS jẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọ̀pọ̀ ìwé, ó di méjìlá ní 29 oṣù Kìíní 2025 nígbà tí Mali, Burkina Faso àti Niger jáde.

Atọ́kùnTuntun:
Ó ku ọ̀kan. Tí wọ́n bá ta ọ̀mì ńkọ́?

OnímáàkìKan:
Ìbéèrè nọ́ńbà, ẹni tó bá sún mọ́ ọn jù ló jáwé olúborí. Kí àwọn ẹgbẹ́ kọ ọ́ sórí ìwé lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹnikẹ́ni má gbọ́ ti ẹnì kejì. Ẹ sọ ọ́ ṣáájú pé kò sí ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó kọjá àti ẹni tí kò dé e. Tí àlàfo wọn bá dọ́gba, ẹ gbé ìkejì wá, nítorí náà, ẹ pèsè méjì.

Ọdún ìtàn kò dára, àwọn kan mọ̀ ọ́n lórí. Ohun tí wọ́n máa ṣírò ló dára: "ọjọ́ mélòó ló wà láàárín ìgbà tí Gagarin lọ sí òfuurufú àti ìgbà tí Armstrong tẹ òṣùpá?" 3,021.

AmòfinKúìsì:
Armstrong tẹ òṣùpá ní 20 oṣù Keje 1969 ní aago Amẹ́ríkà, àmọ́ ilẹ̀ ọjọ́ 21 ti mọ́ ní aago àgbáyé, 02:56. Ọ̀mì tó bá wà láàárín 3,020 àti 3,022 máa di ẹjọ́. Ẹ kọ "ọjọ́ tí Apollo 11 *balẹ̀* sórí òṣùpá ní aago àgbáyé": 20:17, ọjọ́ 20.

OnímáàkìKan:
Ó dáa bẹ́ẹ̀, 3,021 ṣì ni. Ìkejì: jíjìn adágún Baikal ní mítà, 1,642. Ẹ kọ "ibi tó jìn jù" sí i.